Ìwọ Kì í Ṣe Orílẹ̀-Èdè

Ẹ fìdí kalẹ̀ o, ẹ má dìde. Nígbà tí Roland Tiedemann ń ṣe Méyọ̀ ìlú Brunsfeld, bí ẹnì kan bá ṣèèṣì dìde ní ìpàdé pé òun fẹ́ lọ tọ̀, gbogbo ilé á tẹ̀lé e dìde, wọ́n á rò pé Méyọ̀ ló wọlé. Òun ló ṣòfin ọ̀hún fúnra rẹ̀. Kì í kúkú ṣe Washington ni mò ń sọ o. Ìlú kan ní Wisconsin ni, tó ní títì méjì, ilé ìtajà wàràkàṣì kan, àti ṣọ́ọ̀ṣì Lutheran mẹ́ta tí kì í kí ara wọn. Màálù wa pọ̀ ju èèyàn wa lọ, màálù náà sì ní làákàyè ju ẹni tí à ń dìde fún lọ.

Òtútù ló dá gbogbo ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Lọ́dún kan tí yìnyín bo fèrèsé, Tiedemann sá lọ sí etíkun Mẹ́síkò. Ó dùbúlẹ̀ sórí iyanrìn fún ọ̀sẹ̀ kan, ó ń mu nǹkan tútù, ẹni tó ń gbé ọtí fún un sì pè é ní ọ̀rẹ́ mi. Ó tán! Nígbà tó padà dé, ó dé fìlà gbàràgàdà kan wá sí ìpàdé, fìlà tó fẹ̀ ju ẹnu ọ̀nà lọ, ẹ̀gbẹ́ ló fi wọlé bí alákàn. Ó ní òun ti lóye Mẹ́síkò. Lọ́sẹ̀ kan! Àwa tí a ti ń bá ìyàwó wa gbé fún ogójì ọdún, a ò tíì sọ pé a lóye wọn.

"Ẹ̀yin èèyàn mi," ó na ọwọ́ méjèèjì, "kí ló dé tí ayé ń jà? Nítorí pé ayé ò gbọ́ra wọn yé. Ta ni yóò wá là wọ́n? Ọlọ́run? Ọlọ́run ń gbìyànjú, mi ò ní bú u. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run ò tíì dé etíkun tí mo dé!"

Curtis Brandvold, akọ̀wé ìlú, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ gan-an jẹ́ kó pàtẹ́wọ́ kí ọ̀rọ̀ tó parí, ti pàtẹ́wọ́ tán kó tó gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Lọ́jọ́ yẹn ni wọ́n pinnu pé Brunsfeld gbọ́dọ̀ ní ìlú ọ̀rẹ́ ní Mẹ́síkò, kí àlejò máa ti ibẹ̀ wá, kí àwa náà máa lọ, kí á máa kọ́ àṣà ara wa. Curtis ní ìlú kan wà lórí òkè tó ń jẹ́ Santa Rita, òun ò mọ ibi tí òun ti gbọ́ orúkọ náà. Èmi mọ̀ ọ́n. Ẹnu obìnrin tó ń nu ilẹ̀ ọ́fíìsì rẹ̀ ló ti gbọ́ ọ. Ìdajì àwọn tó ń fún wàrà màálù wa, Santa Rita ni wọ́n ti wá. Wọ́n ti ń jí fún màálù wa ṣáájú àkùkọ láti ọjọ́ tó ti pẹ́, Tiedemann ò sì tíì kí ọ̀kan nínú wọn rí.

Ofelia Cuiriz ni obìnrin náà ń jẹ́. Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ló ń wá tún ọ́fíìsì Méyọ̀ ṣe. Ní gbogbo àsìkò yẹn, Méyọ̀ ń kọ́ èdè Sípáníìṣì nínú ẹ̀rọ, ó ki nǹkan bọ etí, ó gbé ẹsẹ̀ sókè kí Ofelia lè nu abẹ́ rẹ̀, ó wá ń ké ní èdè Sípáníìṣì pé, "Níbo ni etíkun wà? Níbo ni etíkun wà?"

Ofelia á fi èdè kan náà dá a lóhùn jẹ́jẹ́ pé, "Kò sí etíkun níbí, sà."

"Ṣì! Maria, dákẹ́. Ṣé o ò rí i pé èdè ni mò ń kọ́?"

Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́. Ẹni tó ni èdè dúró níwájú rẹ̀ pẹ̀lú korobá lọ́wọ́, Méyọ̀ ní kó dákẹ́ kí òun lè gbọ́ ẹ̀rọ.

Lọ́jọ́ kan, ìròyìn dé pé Santa Rita ti yan àwọn àlejò tó ń bọ̀. Àwọn ìyá àgbà mẹ́fà tó mọ àṣà ni, àti ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́rin tí yóò jó ijó àwọn arúgbó. Ofelia gbé ìnulẹ̀ rẹ̀ ti ògiri, ó nu ọwọ́ mọ́ ẹ̀wù, ó sì dúró síwájú tábìlì.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Màmá mi wà lára àwọn tó ń bọ̀."

"Màmá ta ni?"

"Màmá tó bí mi, sà. Naná Eufrosina. Ọdún kọkàndínlógún rè é tí mo fojú kàn wọ́n gbẹ̀yìn. Mi ò níwèé tí mo lè fi jáde kí n tún padà wọlé sọ́dọ̀ ọkọ mi. Nígbà tí bàbá mi kú, orí fóònù ni mo ti sunkún wọn. Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n wá sí gbọ̀ngàn lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yìn pátápátá ni mo máa dúró sí."

Méyọ̀ yọ nǹkan tó wà létí rẹ̀. Ó tún ọ̀já pupa tó fi kọ́ èjìká ṣe, èyí tí wọ́n fi òwú góòlù kọ Aṣojú Àgbà fún Ìlóye Gbogbo Ayé sí. Òun ló rán an, òun náà ló fi ara rẹ̀ jẹ oyè ọ̀hún.

"Maria."

"Ofelia, sà."

"Maria, fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ọ̀rọ̀ yìí ga. Ọ̀rọ̀ orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè ni. Mẹ́síkò ló ń bọ̀ wá pàdé Amẹ́ríkà. Ìwọ kì í ṣe Mẹ́síkò, ṣebí ibí lò ń gbé. O ò sì jẹ́ Amẹ́ríkà, ṣebí o ò níwèé. Ṣé o rí i? Ìwọ kì í ṣe orílẹ̀-èdè. Bá mi nu abẹ́ àga yìí."

Ó nù ún. Lẹ́yìn náà ló wọ yàrá tí wọ́n ń kó ìgbálẹ̀ sí, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì sunkún débi tí kò lè dìde. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí. Kò tọrọ oúnjẹ, kò tọrọ àga. Kó ṣáà dúró lẹ́yìn, kó wo ìyá rẹ̀.

Lórí ilẹ̀ Lorraine Dahlke ni Ofelia àti Chema ọkọ rẹ̀ ń gbé, nínú ilé onípákó kan lẹ́yìn ilé màálù. Opó ni Lorraine, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, orúnkún méjèèjì ń dùn ún, Chema ló sì ń bá a fún wàrà. Nígbà tí Ofelia rò fún un, ó tu itọ́ sílẹ̀.

"Roland ló sọ bẹ́ẹ̀? Roland tí mo kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, tó ń tọ̀ sí ṣòkòtò tó bá ti dé orí Nóà? Ó ní o kì í ṣe kí ni?"

"Orílẹ̀-èdè, Màmá Lorraine."

"Kó gbẹ́nu ẹ̀ sọ́hùn-ún. Nu ojú ẹ, ọmọ mi. Màálù ń ké."

Ní gbogbo àkókò yìí, ìmúrasílẹ̀ ń lọ ní ìlú, ìmúrasílẹ̀ wèrè. Méyọ̀ kà níbìkan pé àwọn ará òkèèrè máa ń tẹ̀ríba bí wọ́n bá ń kíni, kò bìkítà òkèèrè wo. Ló bá ní kí gbogbo ìgbìmọ̀ máa kọ́ ìtẹ̀ríba. Àwọn àgbẹ̀ tí ẹ̀yìn ń dùn bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ kòdoro ní gbọ̀ngàn, òmíràn tẹ̀ ẹ́ tán kò lè nà mọ́, a sì gbé e lọ sílé bó ṣe tẹ̀. Méyọ̀ ní àwọn ará Mẹ́síkò kì í jẹ nǹkan tí kò ta, ó pàṣẹ kí wọ́n fi ata sí gbogbo nǹkan, títí kan kọfí. Ó ní kí àwọn tó ń fún wàrà má ṣe sá aṣọ sójú ọ̀nà, kí àlejò má baà rí ohun tí kò bá àṣà Mẹ́síkò mu. Aṣọ àwọn ará Mẹ́síkò!

Curtis ní, "Méyọ̀, bí ẹ ṣe ń sọ Sípáníìṣì yìí, ẹ̀rù ń bà mí kí ojú má ti àwọn tó ni ín."

"Mo mọ̀," ni Méyọ̀ wí. "Mo máa rọra sọ ọ́."

Òfin tó ṣe gbẹ̀yìn ló burú jù. Ó ní ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, ilé àlejò ni àwọn ìyá yẹn yóò wà, ẹnikẹ́ni tí òun ò pè kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ wọn títí àsè yóò fi parí. Ó fi ọlọ́pàá wa kan ṣoṣo, Wade Kuchta, sí ẹnu ọ̀nà.

Àfi bí wàhálà ṣe dé. Àwọn tó ń fúnni níwèé ìrìnnà fún àwọn ìyá àgbà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, wọ́n ní arúgbó ò ní sá pamọ́ sí Amẹ́ríkà. Àwọn ọ̀dọ́ oníjó ni wọ́n kọ̀ fún. Bẹ́ẹ̀ Méyọ̀ ti lọ fọ́nnu lórí rédíò pé òun yóò fi ijó han gbogbo ìpínlẹ̀, ijó tí ẹnì kan ò rí rí ní Brunsfeld. Curtis kò lè sọ fún un. Ẹni tó ti ń sọ bẹ́ẹ̀ ni láti àárọ̀ ọjọ́, níbo ni yóò ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ bẹ́ẹ̀ kọ́? Ó wakọ̀ lọ sí ilé màálù Lorraine, bàtà rẹ̀ dídán rì sínú ìgbẹ́ màálù.

"Lorraine, ẹ gbà mí. Ǹjẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ yín mọ ijó arúgbó kankan?"

Chema tó wà lábẹ́ màálù rẹ́rìn-ín. "Ọdọọdún la ń jó o níbí, ọ̀gá. Àwọn ìbòjú rè é lára ògiri lẹ́yìn yín. Àwọn tó bá ń gbéra ga la fi ń ṣe ẹlẹ́yà."

"Kò sóhun tó kàn mí níbẹ̀. Ẹ ṣáà jó o. Ẹ má ṣí ojú, ẹ má sọ̀rọ̀. Màá sọ fún Méyọ̀ pé òru ni bàálù já yín sílẹ̀. Ẹ̀yin mẹ́rin."

Lorraine wo ọ̀kánkán Ofelia tó gbé ìkòkò wàrà dání. "Mẹ́ta ni ọkùnrin tó wà níbí," ló wí, "ṣùgbọ́n màá bá ẹ wá ẹnì kẹrin."

Ọjọ́ àsè pé. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni Méyọ̀ fi í sí, àkókò tí gbogbo ilé màálù ń fún wàrà, torí ọmọ ìlú wàrà ni, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan ọmú màálù rí. Àwọn àgbẹ̀ wá bí Lorraine ṣe bẹ̀ wọ́n, pẹ̀lú bàtà rọ́bà lẹ́sẹ̀, tí wọ́n ń wo aago. Wọ́n kó àwọn ìyá mẹ́fà wọlé. Ìgbìmọ̀ tẹ̀ríba. Àwọn ìyá yẹn wo ara wọn, wọ́n rò pé nǹkan ló bọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ìgbìmọ̀, làwọn náà bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń bá wọn wá a.

Naná Eufrosina ni wọ́n gbé jókòó sí ẹ̀gbẹ́ Méyọ̀. Obìnrin kúkurú ni, irun rẹ̀ tó dì sí méjì gùn dé ẹ̀yìn, ìborùn aláwọ̀ aró lórí rẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti dé, ọ̀rọ̀ kan ló ń bi gbogbo ẹni tó bá rí: "Ofelia ńkọ́?" Kuchta nìkan ló fún un lésì. Ó ní, "Màmá, wọ́n ní n má sọ." Ìyá fún un ní òòlẹ̀ àgbàdo onígun mẹ́ta tí òun fúnra rẹ̀ sè, ọlọ́pàá sì jẹ ẹ́ tomijé tomijé.

Méyọ̀ dìde, gbogbo ilé dìde. Ó sọ̀rọ̀ títí ẹran fi tutù. Ó ní òun ni afárá, òun ni ìmọ́lẹ̀, òun ni etí tí ayé fi ń gbọ́ra. "Ṣáájú mi," ó ní, "ta ló mọ ará Mẹ́síkò kan ní ìlú yìí? Kò sí! Ẹ wá wo ijó tí kò sẹ́ni tó lè jó o lórí ilẹ̀ wa!"

Orin bẹ̀rẹ̀ nínú ẹ̀rọ. Arúgbó mẹ́rin wọlé, wọ́n tẹ̀ lórí ọ̀pá, ìbòjú onígi pupa wọn ń rẹ́rìn-ín láìléyín, rìbọ́ọ̀nù ń mì lára fìlà, bàtà onígi ń lu pákó gbàgà-gbàgà. Wọ́n ń wúkọ́, wọ́n di ìbàdí mú, ọ̀kan ṣubú, àwọn tó kù wọ́ ọ dìde, kó tó dìde tán gbogbo wọn ti ń jó bí ọmọ ogún ọdún. Èyí tó wà níwájú wá yọ ikùn síta, ó gbé àgbọ̀n sókè, ó ń tún ọ̀já tí kò sí léjìká rẹ̀ ṣe ní ìṣísẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta. Gbogbo ilé mọ ẹni tí wọ́n ń sín jẹ. Àwọn àgbẹ̀ fi fìlà bo ẹnu.

Méyọ̀ ló pàtẹ́wọ́ jù. "Ẹ wò ó! Bí àwọn ọba wọn ṣe máa ń rìn nìyẹn!"

Ṣùgbọ́n Naná Eufrosina kò wo èyí tó wà níwájú. Arúgbó tó kẹ́yìn ló tẹjú mọ́, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀. Ẹsẹ̀ náà ń yí sínú díẹ̀ bó bá ti balẹ̀. Ọmọ kan wà tó já bọ́ lórí igi gúáfà ní Santa Rita nígbà tó wà ní kékeré, ìyá rẹ̀ ló di ẹsẹ̀ náà fún un, kò sì dì í dáadáa. Láti ìgbà yẹn ni ìyá náà ti ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi. Ó dìde.

Méyọ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Màmá, ẹ jókòó. Ètò wà o." Ó wá kọjú sí àwọn oníjó, ó fẹ́ fi han ilé pé òun gbọ́ èdè. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sì rántí. Ó ké ní Sípáníìṣì pé, "Níbo ni etíkun wà?"

Chema, arúgbó tó wà níwájú, fi èdè Gẹ̀ẹ́sì wa dá a lóhùn, bí gbogbo àgbẹ̀ Brunsfeld ṣe ń sọ ọ́, ó ní, "Kò sí etíkun níbí, Méyọ̀. Ẹ jẹ́ ká tètè ṣe é, màálù ń dúró."

Ẹ̀rín wó gbọ̀ngàn. Ẹnì kan pariwo pé, "Chema nìyẹn!" Láàárín ariwo yẹn ni ìyá já ọwọ́ rẹ̀ gbà. Ó rìn bọ́ sáàárín ilé, ó dúró níwájú arúgbó tó kẹ́yìn, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì ṣí ìbòjú náà sókè.

Ẹ̀rín dákẹ́.

"O ti rù," ni ìyá wí.

"Màmá," ni Ofelia wí, ó sì wó lé e láyà. Àwọn méjèèjì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí pákó, wọ́n ń fọwọ́ pa ojú ara wọn, ìyá ń ka ewú orí ọmọ. Mo rí àwọn ọkùnrin tí wọn ò sunkún níbi ìsìnkú bàbá wọn tí wọ́n ń fi apá aṣọ nu imú. Akọ̀ròyìn tó fẹ́ ya fọ́tò gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sílẹ̀.

Bí Tiedemann bá dákẹ́ níbẹ̀ ni, ìlú ìbá ti dárí jì í. Ó lè ní òun ló ṣètò rẹ̀, à bá sì pàtẹ́wọ́ fún un. Ṣùgbọ́n agbéraga kì í mọ ibi tí ilẹ̀kùn wà. Ojú rẹ̀ pọ́n bí ìbòjú.

"Maria? Maria! Ẹ̀tàn lèyí! Mo ti sọ fún ọ! Ìwọ kì í ṣe orílẹ̀-èdè!" Ẹnu ẹ̀rọ gbohùngbohùn ló ti sọ ọ́, àwọn tó wà ní títì gbọ́ ọ. "Ọlọ́pàá! Kuchta! Kó wọn! Kò níwèé!"

Kuchta jẹ òòlẹ̀ tó wà lẹ́nu rẹ̀ tán. Ó nu ọwọ́. "Kí n kó wọn nítorí kí ni, Méyọ̀? Nítorí ijó?"

"Kò níwèé, mo ní!"

"Èmi ò béèrè ìwé lọ́wọ́ ẹni tí mo jẹ oúnjẹ ìyá ẹ̀."

Lorraine dìde pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún, ó lọ dúró síwájú àwọn tó jókòó sílẹ̀. "Roland, Ofelia ló ń jẹ́. Ó ti ń nu ilẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ láti ọjọ́ yìí wá, o ò mọ orúkọ ẹ̀. O wá ní o lóye ta ni? Ẹ jẹ́ ká lọ, ẹ̀yin èèyàn. Àkókò wàrà ti kọjá."

A sì lọ. Àwọn àgbẹ̀ gbé àwọn ìyá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sínú ọkọ̀ wọn, ó di ilé màálù Lorraine, níbi tí àwọn ọmọ Santa Rita tó kù ti ń dúró. Wọ́n fún wàrà, wọ́n jó, wọ́n jẹ wàràkàṣì díndín, ẹni tó bá fẹ́ ata fi ata sí i. Ní gbọ̀ngàn, Curtis nìkan ló kù. Ó wo Méyọ̀, ó tẹ̀ríba gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, ó sì fi ẹ̀yìn rìn jáde.

Nígbà ìdìbò ìgbà ìrúwé, Tiedemann nìkan ló gbégbá. Ó ní kò sẹ́ni tó tó òun bá du ipò. Ṣé ẹ mọ̀ pé òfin wa gbà kéèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ tó bá wù ú sórí ìwé ìdìbò? Arúgbó Oníbòjú ni gbogbo ìlú kọ. Ìjọba ní ìbòjú kò lè jẹ Méyọ̀. A ní ó ti jẹ ẹ́ rí. Wọ́n bá mú ẹni tí wọ́n tún kọ orúkọ rẹ̀ jù lẹ́yìn ìyẹn, Lorraine Dahlke ni. Òfin ìdìde ló kọ́kọ́ fagi lé.

Naná Eufrosina ti padà sílé tipẹ́ nígbà yẹn, ọjọ́ tí wọ́n kọ sínú ìwé ìrìnnà rẹ̀ kò pọ̀. Kò dájú pé yóò tún wá, Ofelia sì mọ̀. Nígbà tí àwọn ará Santa Rita tún jó ní gbọ̀ngàn lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Ofelia ló wà níwájú, ikùn síta, àgbọ̀n sókè, ọwọ́ lórí ọ̀já tí kò sí. Tiedemann jókòó sẹ́yìn pátápátá, ó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ó tẹ Curtis nígbọ̀nwọ́.

"Irú òmùgọ̀ wo ni wọ́n ń sín jẹ yìí? Orílẹ̀-èdè wo ló ti wá?"

Curtis wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, kò sọ bẹ́ẹ̀ ni.

Níwájú, Lorraine gbé fóònù sókè kí ìyá tó wà ní Santa Rita lè rí ijó náà. Ohùn ìyá jáde nínú rẹ̀, ó ń kùn. "Ìbòjú ni mò ń rí. Ta ló ń wo ìbòjú? Ẹ gbé e wálẹ̀. Ẹsẹ̀ ọmọ mi ni kí ẹ jẹ́ n rí."

Méyọ̀ ìlú Brunsfeld di ọwọ́ àga mú, ó rọra kúnlẹ̀ lórí orúnkún méjèèjì tó ń dùn ún, ó sì gbé fóònù náà sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ní ibi tí ẹsẹ̀ òsì yẹn ti ń balẹ̀.